Oúnjẹ Ẹni Tí Kò Ní Dé

Ẹní tí ìyá Tinúadé ń sùn lé lórí ló tú àṣírí rẹ̀. Kì í ṣe ẹní lásán o. Ẹní tí Ìgbìmọ̀ Ìlú pín fún gbogbo ilé tí arúgbó onígbàgbé wà ni, èyí tó máa ń wọn ẹni tó bá dùbúlẹ̀ lé e, tó sì máa ń fi ìwọ̀n náà ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì láì gba àṣẹ lọ́wọ́ onílé. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ ń rọ̀, ìwọ̀n Màmá dára. Nígbà tí òjò fi ń lọ sópin, ẹní ti ń sọ fún wọn pé egungun lásán ló ń sùn sórí òun. Ni wọ́n bá rán Ìyáàfin Pópóọlá wá.

Obìnrin náà kò kanlẹ̀kùn. Gbogbo ilẹ̀kùn ìlú Ọ̀tún-Òkè ló mọ àtẹ́lẹwọ́ alábẹ̀wò; ó kàn fọwọ́ lé e ni, ó sì ṣí. Tinúadé wà nínú yàrá iṣẹ́ lẹ́yìn, ó de ìborí dúdú mọ́ ojú àti etí, ó ń wa kátakátá kan tó ń kọ ebè nínú oko kan lápá Ṣakí lọ́hùn-ún. Bí iṣẹ́ púpọ̀ ti rí nìyẹn láyé ìgbà náà: ẹni tó wà nílé kò sí nílé. Àfìgbà tí ẹnì kan gbá a léjìká ló tó ṣí ìborí, tó rí obìnrin kúkúrú kan tó wọ aṣọ búlúù, tó gbé àpò kọ́ apá, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gun òkè.

Tinúadé kúnlẹ̀ kíá. "Ẹ káàsán, mà."

"Káàsán, àbúrò. Èmi ni alábẹ̀wò. Ìyá rẹ ń rù. Kí ló ń jẹ?"

"Oúnjẹ gidi ni, mà. Láàárọ̀, wọ́n ń mu ẹ̀kọ lọ́wọ́ mi. Tó bá di ọ̀sán, màá gbé iyán tàbí ẹ̀wà sílẹ̀ fún wọn kí n tó padà sẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n sì máa ń jẹ ẹ́ tán. Wọn kì í ṣẹ́ ẹ kù rárá."

Irọ́ kọ́ ló ń pa níbẹ̀ yẹn. Bó ṣe mọ̀ ọ́n ló sọ ọ́.

"O máa ń rí i bó ṣe ń jẹ ẹ́?"

Tinúadé wolẹ̀. "Mo máa ń rí abọ́, mà."

"Ó dáa. Èmi fẹ́ rí ẹnu." Ìyáàfin Pópóọlá ti ń lọ sí pálọ̀. "Gbé oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀ wá. Màá jókòó wò ó."

Kì í ṣe oúnjẹ ló ba Tinúadé lẹ́rù, ohun tó wà nínú ògiri pálọ̀ ni. Gbogbo ilé ló ní Agbóhùn nínú ògiri, èyí tó ń pe aago, tó ń pa fèrèsé dé bí òjò bá ṣú, tó ń rán onílé létí oògùn. Nílé àwọn ẹlòmíràn, ohùn ọmọbìnrin kan tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ ló fi ń sọ̀rọ̀. Nílé Tinúadé, bó bá ti di ọ̀sán, ohùn Bàbá Tinú ló máa ń jáde níbẹ̀, Bàbá Tinú tó ti kú kí ọyẹ́ èṣí tó dé.

Òfin sì kọ̀ ọ́. Wọ́n ti fi ohùn òkú ta ilẹ̀ rí, wọ́n ti fi lé aya ọmọ jáde nílé rí, títí Ìgbìmọ̀ fi pàṣẹ pé bí wọ́n bá ti ṣe ogójì ọjọ́ òkú tán, kí ẹbí kó gbogbo ohùn rẹ̀ wá kí àwọn bá wọn sin ín. Tinúadé kó ti bàbá rẹ̀ lọ. Ó gbé ọwọ́ lé Bíbélì, ó búra pé kò sí èyí tó kù nílé. Ọ̀kan sì wà nínú kókó ìró rẹ̀ bó ti ń búra, hóró kan tó gbé ohùn náà pamọ́, kò tóbi ju hóró ìṣin lọ.

Ẹ má tètè bú u. Ṣáájú ìgbà náà, bó bá ti di ọ̀sán, Màmá á lọ sẹ́nu ọ̀nà, á máa fi ọwọ́ méjèèjì lu ilẹ̀kùn pé ọkọ òun wà níta, pé kí wọ́n ṣílẹ̀kùn fún un. Ọwọ́ arúgbó á wú. Ní ọjọ́ kan tí ilẹ̀kùn ṣèèṣì wà ní ṣíṣí, wọ́n bá a ní gáréèjì tòun ti yẹ̀rì nìkan, gbogbo èrò ọkọ̀ sì ń wò ó. Ọjọ́ tí Tinúadé ki hóró náà bọ Agbóhùn, tí ohùn náà sọ pé, "Ìyá Tinú, jẹun o, mò ń bọ̀," Màmá jókòó jẹ́ẹ́ bí ọmọ tuntun. Ọjọ́ náà ni Tinúadé sùn.

Ọ̀nà mìíràn wà, òfin kan náà ló sì là á. Ẹnikẹ́ni tó bá ń tọ́jú onígbàgbé lẹ́tọ̀ọ́ sí adelé. Kó ṣáà pè ni, wọn á gbé ẹni tó kọ́ṣẹ́ náà wá, tí yóò jókòó ti arúgbó kí ọmọ lè sinmi, kó lọ sọ́jà, kó wulẹ̀ sunkún tó bá wù ú. Kò gba kọ́bọ̀. Àmọ́ ọkọ̀ tó ń gbé adelé ní àwọ̀ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tútù, orin ló sì máa ń kọ tó bá fẹ́ dúró. Bó bá dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ, àdúgbò ti gbọ́. Ọjọ́ tó dúró nílé Làmídì, Ìyá Olóyè tó ń gbé ọ̀kánkán ti apá sí fèrèsé, ó ní, "Ìyá tó pọ̀n ọ́n lọ́dún mẹ́ta láì pe adelé, òun náà ló wá sú u." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Tinúadé bá wọn rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, adelé di èèwọ̀ lọ́kàn rẹ̀. Ikú yá ju ẹ̀sín.

Ó gba inú ilé ìdáná kọjá, ó fa hóró náà yọ lẹ́yìn ògiri, ó sọ ọ́ sápò. Lẹ́yìn náà ló gbé iyán àti ọbẹ̀ ẹ̀gúsí ẹlẹ́ja jáde.

Màmá ti yàrá rẹ̀ bọ́ sí pálọ̀. Ó we gèlè. Ojoojúmọ́ ló máa ń wé e bí ọ̀sán bá pọ́n, torí ọkọ ń bọ̀. Ojú rẹ̀ ti jìn wọnú, ọrùn rẹ̀ ti rí tín-ínrín, àmọ́ ó kí àlejò dáadáa.

"Ẹ káàbọ̀ o. Ẹ jókòó. Bàbá Tinú ò tíì dé ni." Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Ẹ ṣeun, àǹtí, tẹ́ ẹ bá mi gbé e wá."

Àǹtí tó pè é kò dun Tinúadé mọ́. Ó ti mọ́ ọn lára.

Màmá jókòó sídìí tábìlì. Kò fọwọ́ kan nǹkan kan. Ó gbójú sókè sí ògiri, ó ń retí. Ìyáàfin Pópóọlá náà wo ògiri. Tinúadé dúró, ó kiwọ́ bọ àpò, ó di hóró náà mú gírígírí.

"Ó pẹ́ lónìí," ni Màmá wí. "Ó yẹ kó ti sọ̀rọ̀."

"Ta ni, Màmá?" ni alábẹ̀wò bi í.

"Bàbá Tinú ni. Inú ògiri yìí ló ti máa ń bá mi sọ̀rọ̀."

Ìyáàfin Pópóọlá rọra yíjú sí Tinúadé. Tinúadé rẹ́rìn-ín. Irú ẹ̀rín tí ènìyàn ń rín tó bá fẹ́ kí ẹlòmíràn bá òun rín in.

"Ìgbàgbé ni, mà. Ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe. Oríṣiríṣi ni wọ́n máa ń gbọ́."

Màmá gbọ́. Kò bínú. Ó wo Tinúadé bí ẹni tó ń bẹ̀ ẹ́. "Àǹtí, mi ò ya wèrè o. Mo mọ ohùn ọkọ mi."

Ìtìjú gun Tinúadé láti ẹsẹ̀ dé orí. Nínú gbogbo ẹni tó wà ní pálọ̀ náà, arúgbó tí ọpọlọ rẹ̀ ń lọ nìkan ló ń sọ òótọ́, ọmọ tó bí ló sì sọ ọ́ di wèrè lójú àlejò.

Màmá ti dìde. Kí wọ́n tó mọ ohun tó fẹ́ ṣe, ó ti dẹ́nu ọ̀nà, ó ti ń fi àtẹ́lẹwọ́ lu ilẹ̀kùn. "Ẹ ṣílẹ̀kùn fún un! Ó ti dé! Ilẹ̀kùn yìí ló tì í mọ́ta!" Tinúadé sáré dì í mú, Màmá fún un ní ìgúnpá láyà. Bí àárẹ̀ ti gba agbára ara rẹ̀ tó, kò gba ti ọwọ́. "Olówó orí mi! Mo wà níbí o!" Fèrèsé Ìyá Olóyè ṣí lọ́kànkán.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Tinúadé fi ìyá rẹ̀ sílẹ̀, ó sáré wọ ilé ìdáná, ó ki hóró náà padà sáyè rẹ̀. Kò tilẹ̀ wo ojú alábẹ̀wò.

Ohùn náà húkọ́ díẹ̀ bí Bàbá ti máa ń húkọ́. "Ìyá Tinú, jẹun o. Má dúró sẹ́nu ọ̀nà. Mò ń bọ̀."

Ọwọ́ Màmá wálẹ̀. Gbogbo ojú rẹ̀ tú ká. "Ẹ ṣé é, ọkọ mi. Mo ti fẹ́ máa dààmú." Ó padà sídìí tábìlì, ó ṣan ọwọ́. Tinúadé dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ń sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé bí wọ́n bá máa mú òun, kí wọ́n mú òun, kí ìyá òun ṣáà jẹun lójú obìnrin yìí.

Màmá ṣí kọ́bọ́ọ̀dù. Ó gbé abọ́ tánganran ńlá kan jáde, ti Bàbá Tinú, ó sì kó gbogbo iyán náà sínú rẹ̀. Ó to ẹja lé e lórí lọ́kọ̀ọ̀kan, ó da ọbẹ̀ sí i, ó fi ọmọrí bò ó, ó gbé e padà sí kọ́bọ́ọ̀dù. Ó to abọ́ òfìfo tirẹ̀ sórí tìréè nigín. Ó wá jókòó, ó ki ọwọ́ méjèèjì sáàárín itan.

"Màmá," ni Ìyáàfin Pópóọlá wí, "ẹ̀yin ò jẹun ni?"

"Èmi? Kí ọkọ mi tó jẹ?" Màmá fi àlejò tí kò mọ àṣà rẹ́rìn-ín. "Ilé ta lẹ ti rí i? Òun ló ní òun ń bọ̀ yẹn. Tó bá jẹ tán, màá jẹ tèmi."

Ìyáàfin Pópóọlá ṣí kọ́bọ́ọ̀dù wò. "Ti àná ńkọ́?"

Tinúadé ló dáhùn, bó sì ti ń dáhùn ló ń yé e. "Ọwọ́-Irin ló máa ń kó o dànù nírọ̀lẹ́, mà." Gbogbo ilé ìdáná ló ní Ọwọ́-Irin nígbà náà, òfin ìmọ́tótó ni, ohun tó bá ti fẹ́ kan, á gbé e jù nù, á fọ abọ́ rẹ̀. Màmá á ti sùn kí iṣẹ́ oko tó parí. Tinúadé á ṣí ìborí, á bá abọ́ mímọ́, á sì dúpẹ́ pé ìyá òun ń jẹun dáadáa. Òun ló ní kí ohùn náà máa sọ pé òun ń bọ̀. Ó mọ ìyá rẹ̀ láti kékeré, kò rántí ọjọ́ kan tí obìnrin náà fi òkèlè kan ẹnu ṣáájú ọkọ.

"Ebi ni mo fi ń pa wọ́n," ó wí. "Nínú ilé, tí mo wà níbẹ̀."

Alábẹ̀wò fà á wọ ilé ìdáná. "Kí ló dé tó ò pe adelé?"

"Ojú ń tì mí, mà. Wọ́n á ní ìyá mi sú mi."

"Ṣé kò sú ọ ni?"

Ẹnikẹ́ni ò bi í léèrè yìí rí. Tinúadé bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. "Ó sú mi, mà. Ó ti sú mi tipẹ́."

"Bàbá tèmi náà sú mi," ni Ìyáàfin Pópóọlá wí, bí ẹni tó ń sọ iye tí wọ́n ń ta iṣu. "Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni adelé tún ń bọ̀ nílé mi. Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní ń mu, bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ọmọ náà gbọ́dọ̀ rí nǹkan jẹ." Ó tún àpò rẹ̀ gbé kọ́. "Gbọ́. Ohùn yẹn, mo gbọ́dọ̀ gbé e lọ, màá sì sọ bí mo ṣe bá a. Wọ́n á pè ọ́ lẹ́jọ́. Ti ìyá rẹ ló wà lọ́wọ́ mi. Bí mi ò bá rí oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀ kí n tó kúrò níbí, Ilé Àgbà ni mò ń gbé e lọ lónìí. Ìyà kọ́ ni mo fi ń jẹ ọ́. Ẹni tí kò jẹun á kú ni."

Tinúadé mọ Ilé Àgbà. Wọ́n mọ́ níbẹ̀, wọ́n ń fún wọn lóúnjẹ. Àmọ́ inú Agbóhùn lọmọ ti ń kí ìyá, ẹni tó bá sì ti wọlé kì í tún jáde.

"Mo fi ìwé mi sínú ọkọ̀," ni alábẹ̀wò wí. Ó wo ògiri, ó wo Tinúadé. "Mò ń lọ gbé e. Ohun tí mi ò bá gbọ́, mi ò gbọ́." Ó sì jáde.

Ó yé Tinúadé. Ó fẹnu kan ẹ̀yìn ògiri, ó sọ ohun tó fẹ́ kí ohùn náà sọ. Ó rò pé ọgbọ́n lòun gbọ́n.

"Ìyá Tinú," ni ohùn Bàbá wí ní pálọ̀, "mo ti jẹun. Jẹ tìrẹ."

Màmá dìde díẹ̀díẹ̀. "Ẹ ti jẹun? Níbo?"

"Mo ti yó," ni ohùn náà wí.

"Ta ló dáná fún yín?" Arúgbó náà gbé ọwọ́ lé ògiri. "Bàbá Tinú, ta ló dáná fún yín? Kí lẹ rí nínú ọbẹ̀ mi?" Ó bú sẹ́kún, ó sì fi gèlè bojú kí àǹtí má baà rí òun. "Mo ti di ẹni tí ọkọ ń jẹun níta. Ní ọjọ́ ogbó mi. Ẹ̀yin náà kẹ̀, àǹtí, ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni, ẹ jọ̀ọ́."

Tinúadé ò mọ ìgbà tó fa hóró náà yọ. Bàbá rẹ̀ kò jẹun níta rí láyé rẹ̀. Òun ló wá sọ ọ́ di aláìṣòótọ́ lẹ́yìn ikú, tó fi ẹnu rẹ̀ da omi lójú ìyàwó rẹ̀. Nígbà tí Ìyáàfin Pópóọlá wọlé, ó bá a lórí ìkúnlẹ̀, ó na hóró náà sí i.

"Ẹ gbà á, mà. Ẹ pe adelé náà. Kó wá ní ọ̀sán gangan. Kó kọ orin rẹ̀ kí gbogbo wọn gbọ́."

"Ó dáa. Ó ṣì ku oúnjẹ."

Tinúadé lọ síbi kọ́bọ́ọ̀dù. Ohun kan ló mọ̀: níwọ̀n ìgbà tí oúnjẹ ọkọ bá wà nílẹ̀, ìyàwó ò ní jẹun. Ó gbé abọ́ tánganran náà sórí tábìlì, ó ṣí i, ó jókòó. Ó ti ọwọ́ bọ iyán bàbá rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ò tíì jẹun láti òwúrọ̀. Bí òkèlè kìíní ti dé ọ̀fun, ebi gidi dìde sí i, ó sì ń jẹ, ó ń sunkún, ikun ń bá ọbẹ̀ wálẹ̀.

"Olè!" Màmá ti ṣí ojú. "Oúnjẹ ọkọ mi! Olè ń jẹ oúnjẹ ọkọ mi!" Ohùn rẹ̀ dé ọ̀kánkán, Ìyá Olóyè tún yọjú. Tinúadé ò dáwọ́ dúró. Kí wọ́n gbọ́. Màmá dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó gbé ọwọ́ sókè láti gbá a létí, ọwọ́ náà sì dúró lókè. Ó ń wo ojú rẹ̀.

"Ebi ń pa ọ́ tó báyìí?"

Tinúadé mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"O ò ní ìyá ni?"

"Mo ní, mà."

"Ibo ló wá wà, tó jẹ́ kí ebi pa ọ́ báyìí?"

Màmá pòṣé sí ìyá aláìbìkítà náà, níbikíbi tó bá wà. Ó fa àga, ó jókòó tì í, ó yí abọ́ náà kí ẹja lè kọjú sí i.

"Jẹ ẹja yẹn. Má bẹ̀rù. Bí ọkọ mi bá dé, màá ní èmi ni mo jẹ ẹ́."

Ó rò ó wò. Kò purọ́ fún ọkọ rẹ̀ rí. Ó ṣan ọwọ́, ó bu òkèlè kan, ó fi kan ọbẹ̀, ó gbé e mì.

"Kó má baà jẹ́ irọ́," ó wí, ó sì bu òmíràn.